Ẹrù Kẹ́hìndé Tó Ṣìnà Lókè Òkun

Láti ọjọ́ tí mo ti Ìlú Ọba dé, kò sí ibi tí mo dé ní Ìlaròó tí wọn kò ti bi mí pé báwo ni ọ̀rọ̀ ẹrù Kẹ́hìndé ṣe já sí. Àwọn kan gbọ́ apá kan, wọ́n fi apá kejì gbè é. Olóòtú ìwé wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè jọ kà á, torí àwọn ọmọ wa ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́, àwa ìyá náà sì ń tẹ̀ lé wọn lọ tọ́jú ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́la.

Àwa ará ẹnu ibodè, ẹrù kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti Ìlaròó dé Ìdí-Ìrókò, láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, kò sí agboolé tí kò ní ẹni tó ti gbé ẹrù kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu rí. Òyìnbó ló fa ìlà sí wa láàárín. Ẹbí kan náà ni wá. Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022, ẹ mọ ohun tí ojú àwọn oníṣòwò wa rí. Àmọ́ òfin kan wà tí àwọn ìyá wa fi ń ṣòwò, tí ibodè kankan kò lè yí: ẹrù àti olówó rẹ̀ kì í pínyà. Bí o bá wọ mọ́tò, ẹrù rẹ wà lórí itan rẹ tàbí lẹ́yìn ọkọ̀, o sì ń fojú ṣọ́ ọ. Bí ọlọ́kadà bá gbé e, ìwọ náà wà lórí ọ̀kadà. Ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni mo ti rí i pé èèyàn lè sanwó fún ara rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, kí òun gba ọ̀nà kan, kí ẹrù gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ẹrù náà, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn wá dé egungun.

Ọmọ mi obìnrin bí ìbejì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2020. Ìròyìn ìbejì kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní ìhà tiwa. Ìgbó-Ọrà ní Ìbàràpá, aládùúgbò wa, ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Patrick Nylander ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, bíi 45 sí 50 ni iye ìgbà tí wọ́n ń bí ìbejì nínú ìbímọ 1,000. Nínú ẹbí tiwa, èmi fúnra mi ni ìbejì kẹta tí ìyá mi bí. Inú wa dùn jọjọ. Nígbà tí wọ́n pé oṣù márùn-ún, Kẹ́hìndé rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa; a kì í sọ ọ̀rọ̀ kejì sí ìbejì. Àkókò àrùn kòrónà ni, ọ̀nà dí, n kò lè lọ bá ọmọ mi, òun náà kò lè wá. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 2023, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Màámi, Táíwò máa ń pín bísíkíìtì rẹ̀ sí méjì. Á jẹ ìdajì, á fi ìdajì sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ." Ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Olúwo wa ní Ayétòrò. Wọ́n dá Ifá. Ifá ní kí a gbẹ́ ère fún Kẹ́hìndé, kí a gbé e lọ fún ìyá rẹ̀, kí ó sì gbà á mọ́ra lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ náà bá pé ọdún mẹ́ta, kí wọ́n se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé.

A rí agbẹ́gilére kan tó mọ iṣẹ́ náà bí wọ́n ti ń ṣe é látijọ́. Igi ìrẹ̀ ló lò. Ó ṣètùtù kó tó gé e, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi yọ ojú rẹ̀. A fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀, a fi osùn pa ara rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun tí ìyá mi fi sí mi ní ìdí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun ni mo so mọ́ ọn. Ẹ wá wò ó, ère náà kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ, àmọ́ nígbà tí mo gbé e, ńṣe ló wúwo lọ́wọ́ mi bí ọmọ.

A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìrìnàjò náà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 kò gbà kí a gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ère tiwa kì í ṣe ti àtijọ́, àmọ́ ta ni yóò ṣàlàyé fún aṣọ́bodè ní òru? Ọmọ àbúrò mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, l'Ékòó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ìwé pé iṣẹ́ tuntun ni. A fi aṣọ funfun wé ère náà, a gbé e sínú báàgì kékeré aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n gbà kí èèyàn gbé wọ inú ọkọ̀. Gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti aṣọ mi wà nínú báàgì ńlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní Ìkẹjà. Kẹ́hìndé wà lọ́wọ́ mi.

Ìlú kan wà láàárín tí a ti ní láti bọ́ sílẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn. Ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ku èèyàn bíi mẹ́wàá kó kàn mí, òṣìṣẹ́ kan ní àyè ẹrù inú ọkọ̀ ti kún, kí àwa tó kù fi báàgì wa sílẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti so bébà tó ní nọ́ńbà mọ́ báàgì náà, ó sì ti gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Mo ní kó jẹ́ kí n yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní àyè ò sí. Mo ní ohun ẹ̀sìn ni. Ó ní, "Màmá, ẹ ó bá a ní Lọ́ńdọ̀nù," ní èdè tirẹ̀. Ó já ìdajì bébà náà fún mi, ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Nígbà tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, mo dúró níbi tí ẹrù ti ń yí po. Báàgì ńlá jáde. Mo dúró. Àwọn èèyàn ń gbé tiwọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku èmi àti ọkùnrin kan tó ń wá kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dúró. Gàrí dé, èlùbọ́ dé, Kẹ́hìndé kò dé.

Mo pe ọmọ mi tó ń dúró dè mí níta. Ohun tó sọ ni mo fẹ́ kí gbogbo yín há sórí. Ó ní, "Màámi, ẹ má jáde o. Ẹ má kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn láìgba ìwé." Ó ní bí mo bá ti jáde, ẹjọ́ ẹnu lásán ni yóò kù. Mo wá káńtà àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kàn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti rẹ̀, ó gba bébà ọwọ́ mi, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá tó wà lára rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ló wà nínú báàgì. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé "bèbí", ìyẹn ohun ìṣeré ọmọdé.

Mo gbé fóònù fún un kí ó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bèbí. Ère igi ni, ó ga tó sẹ̀ńtímítà 25, irun rẹ̀ dúdú bí aró, ara rẹ̀ pupa, ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun wà ní ìdí rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e, ohun ẹ̀sìn ìdílé wa ni." Ọmọbìnrin náà pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́, ó kọ gbogbo èyí, ó sì fún mi ní ìwé tí wọ́n ń pè ní PIR. Ìwé yìí ni ẹ̀rí pé ẹ fi ẹjọ́ sùn. Nọ́ńbà kan wà lórí rẹ̀ tí ẹ lè fi máa bèèrè ẹrù yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé.

Kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ kí n sọ ohun tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà nípa bí ẹrù ṣe ń ṣìnà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SITA ló ń ka iye ẹrù tó ń níṣòro kárí ayé. Ní ọdún 2022, wọ́n ní ẹrù bíi mílíọ̀nù 26 ni kò bá olówó rẹ̀ dé bó ṣe yẹ, bíi méje sí mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún kan. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló kàn pẹ́ lọ́nà ni, kò sọnù. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ ni ó sì ti pọ̀ jù: ọkọ̀ kìíní pẹ́ dé, ọkọ̀ kejì kò dúró, tàbí kí bébà nọ́ńbà já bọ́. Nígbà tí bébà bá já, báàgì náà kò ní orúkọ mọ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fi ohun tó wà nínú rẹ̀ wé ohun tí àwọn èèyàn kọ sínú ìwé ẹjọ́ wọn. Ẹni tó kọ "aṣọ àti bàtà" kò yàtọ̀ sí ọgọ́rùn-ún mìíràn.

Àmọ́ n kò tíì mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ mi gbá mi mọ́ra níta, ó wo ọwọ́ mi, kò sí báàgì kékeré níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, tí Táíwò ti sùn, ó jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó ní, "Màámi, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tó máa lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

N kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí àwọn ọmọ pé ọdún mẹ́ta. Ní ilé, ìròyìn ti tàn lórí Wòsáàpù ẹbí. Oníkálukú ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹnì kan ní Kẹ́hìndé kọ̀, kò fẹ́ wọ ilé náà. Ẹlòmíràn ní a kì í gbé òrìṣà wọ bàálù, òrìṣà ló bínú. Ẹnì kan láti ìhà ọkọ ọmọ mi ní ohun tí Ọlọ́run kò fẹ́ ló ti sọnù yẹn, kí a dúpẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹnu àwọn onísẹ̀ṣe àti ẹnu àwọn tí kì í ṣe onísẹ̀ṣe wá pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan náà: wọ́n ní àmì ni. Ọmọ mi ń ka gbogbo rẹ̀. Ó dẹ́kun jíjẹun.

Mo pe Olúwo. Mo béèrè pé ṣé kí a tètè gbẹ́ òmíràn kí ẹnì kan tó ń bọ̀ bá wa gbé e wá. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló gba báàgì lọ́wọ́ yín?" Mo ní òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ aláàárù nìyẹn. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ aláàárù kọ́ òrìṣà lọ́rùn." Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ òmíràn, torí ẹni tó wà lọ́nà kì í ṣe ẹni tó sọnù, bí a bá sì fi ẹlòmíràn jókòó sí àyè rẹ̀, níbo ni yóò jókòó bó bá dé? Mo wá bi wọ́n pé ọjọ́ tí Ifá dá ńkọ́. Wọ́n ní, "Kí ni Ifá ní kí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà? Ẹ se ẹ̀wà, ẹ fún ọmọdé jẹ. Ṣé ẹ̀wà náà wà nínú báàgì tó ṣìnà ni?"

Àní, ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí mi lójú. Mo sì rántí àwọn èèyàn wa tó wà ní Brazil.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún tó parí ní 1900, ogun kó ọ̀pọ̀ ará Kétu, ará Yewa àti ará Ọ̀yọ́, wọ́n tà wọ́n sọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bahia. Ọdún 1850 ni Brazil tó ṣe òfin tó fòpin sí kíkó ẹrú wọlé láti Áfíríkà ní tòótọ́. Àwọn tí wọ́n sọ di ẹrú wọ̀nyẹn kò ní ẹrù kankan. Kò sí báàgì, kò sí ère, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ ìdílé, kò sí ìwé ẹjọ́ tí wọ́n lè kọ. Bẹ́ẹ̀, títí dòní ní Salvador, orúkọ Ìbejì kò parẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, tí àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ fi ń rántí Cosme àti Damião tí wọ́n jẹ́ ìbejì, ọ̀pọ̀ ilé ń se oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní caruru: ilá, edé àti epo pupa. Kí àgbà kankan tó jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe ọmọdé méje, wọ́n á tẹ́ nǹkan sílẹ̀ fún wọn, àwọn ọmọ náà á jókòó yí oúnjẹ ká, wọ́n á jẹ àjẹyó. Àwọn ilé òrìṣà tó ń tẹ̀ lé ìlànà tiwa níbẹ̀, Ketu ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọn kò rí bíbọ́ ọmọdé gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo sọ èyí fún ọmọ mi. Ó gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ ra ẹ̀wà."

Peckham ni a lọ, ní òpópónà Rye Lane. Ẹni tí kò bá mọ̀, á rò pé ọjà Sayédẹ̀rọ̀ ni wọ́n gbé wá síbẹ̀. Ẹ̀wà olóyin wà, epo pupa wà, ìrèké wà. Nígbà tí ọjọ́ pé, a se ẹ̀wà nínú ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé náà. Ọmọ mi kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó pe àwọn ọmọ wọn: ọmọ Ghana, ọmọ Bangladesh, ọmọ òyìnbó méjì, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ́ tìkọ̀, tó wá padà jókòó bá wa jẹ. A tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Mo wúre fún Táíwò, mo pe Kẹ́hìndé ní orúkọ rẹ̀, mo sọ fún un pé ilé ń retí rẹ̀, ọ̀nà ló jìn. A bu abọ́ méjì, ọ̀kan fún Táíwò, ọ̀kan fún èkejì rẹ̀. Àwọn ọmọdé jẹ, epo kun ẹnu, wọ́n sáré ká ilé. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ọmọ mi wà ní igun ilé ìdáná, ó ń jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì. Ọjọ́ kẹjọ nìyẹn tí mo ti rí i kó jẹun tinútinú.

A kò torí ìyẹn káwọ́ gbera o. Àdúrà wà, ìwé náà wà. Ojoojúmọ́ ni ọmọ mi ń wo nọ́ńbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń pe wọ́n, ó ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àti àkókò sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà pẹ̀lú, ó fi àwòrán ère náà àti ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí i. Ní ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n pè. Báàgì náà wà ní ìlú tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀; bébà rẹ̀ ti já. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí ère igi tó ní irun aró àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ohun tí wọ́n rí sì bá ohun tí a kọ mu. Ká ní "bèbí" ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, bóyá ibẹ̀ ni ì bá wà dòní. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ kan gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà. Gẹ́gẹ́ bí Olúwo ti wí, a fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, a fi osùn tuntun pa á lára, ìyá rẹ̀ sì gbé e pọ̀n fún ìgbà díẹ̀ kó tó fún un ní àyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Scottsboro, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ilé ìtajà ńlá kan wà láti ọdún 1970 tó jẹ́ pé ẹrù tí olówó rẹ̀ kò bèèrè tàbí tí wọn kò rí olówó rẹ̀ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n sì ń tà fún ẹni tó bá fẹ́. Bákan náà, ère ìbejì tó ti ilẹ̀ Yewa jáde láyé àtijọ́ wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Wọ́n kọ ibi tó ti wá sí abẹ́ rẹ̀, àmọ́ orúkọ ìyá tó fi osùn pa á lára kò sí níbẹ̀. Ohun tí a kò bá fi ẹnu wa sọ ohun tó jẹ́, ẹlòmíràn á sọ ọ́ ní orúkọ tó bá wù ú.

Torí náà, ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò pẹ̀lú ohun òrìṣà, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ yín, kí ó wà nínú àpò kékeré tó ṣeé fà yọ kíákíá, tí ẹ lè gbé kọ́ ọrùn bí wọ́n bá gba báàgì. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ àti ti báàgì náà. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sórí bébà, kí ẹ fi sínú báàgì, kì í ṣe ìta nìkan. Bí ẹrù kò bá dé, ẹ má jáde láìgba ìwé PIR, ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní kíkún. Ẹ má tijú láti sọ pé ohun ẹ̀sìn ni. Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn kò tijú tiwọn.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Montreal lọ́dún 1999. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Ìlú Ọba wà níbẹ̀. Bí ẹrù bá bàjẹ́, ẹ ní ọjọ́ méje láti kọ̀wé. Bó bá pẹ́ dé, ẹ ní ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí kò dé rárá, ẹ lè bèèrè owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó sọnù. Ọdún méjì ni òfin fún yín láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Láti òpin ọdún 2024, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san fún èèyàn kan jẹ́ 1,519 ní owó ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SDR, ìyẹn bí ẹgbẹ̀wá dọ́là. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kéde iye rẹ̀ nígbà tó bá ń fi í sílẹ̀, kó san owó díẹ̀ lé e. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ohun tí ẹ bá rà nígbà tí ẹ ń dúró, bíi aṣọ àti ọṣẹ. Nílé níbí, àjọ NCAA ló ń gbọ́ ẹ̀sùn èrò ọkọ̀ òfuurufú.

Kò sí iye dọ́là tó lè ra ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi padà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín pé kí a máa ṣe méjèèjì pọ̀: kí a fi ìwé lé ẹrù títí yóò fi dé, kí ojúṣe wa sí àwọn ọmọ má sì dúró de ẹrù. Bí ẹrù ẹnì kan nínú wa bá sì ṣìnà, ẹ jọ̀ọ́, kí á tó sọ pé òrìṣà kọ̀, kí á kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó gbé e.

Àwọn tó wà lájò nínú wa, wọn ò ní ṣìnà. Ohun tí a rán wọn, á bá wọn dé. Táyé-Kẹ́hìndé á gbè wá o. Àṣẹ.